Okùn Tí Kò Lókun

Okun o.
Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kíra wa ní Ìsánlú,
láàárọ̀, lálẹ́, lẹ́nu iṣẹ́, nídìí òkú.
Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi
lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí iná dé,
tí mo ki okùn bọ ìdí rẹ̀.
Ó rọ wọ̀ọ̀, bí ẹni tó jẹ iyán àjẹkì.

Mo tẹ orúkọ ọmọ kan.
Mo dìde, mo lọ bu omi mu, mo padà dé:
lẹ́tà àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú,
èkejì ṣì wà lọ́nà.
Máàkì ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin wà lórí tábìlì,
ọ̀gá àgbà ní òun fẹ́ rí i kí ọjọ́ Ẹtì tó mọ́.

Mo bínú, mo fa okùn yọ.
Ó ta kìjí!
Gbogbo ohun tí mo ti ń tẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́
dà sójú rẹ̀ bí agbo ẹyẹ ẹ̀gà.
Kí lèyí?
Ebi ń pa á, ó ń sáré.
A bọ́ ọ, ó ń wọ́.
Bátìrì rẹ̀ sì ti darúgbó,
ogójì ìṣẹ́jú ni, ó parí.

Mo pa á, mo tún un tàn.
Mo wọ inú ètò rẹ̀, mo dé ibi tí wọ́n ti ń yan bí yóò ṣe máa lo iná,
mo yan èyí tó ní kó má ṣahun.
Kò gbọ́.
Mo ní bóyá iná ìjọba ni kò lágbára,
torí gílóòbù pọ́n lókè bí ẹyìn.
Mo ra epo, mo tan jẹnẹrétọ̀ àbúrò bàbá mi.
Ìgbín náà ni.

Ilẹ̀ mọ́, ó di Kàbà, ọ̀dọ̀ Dáìsí,
ìsọ̀ rẹ̀ fara ti ibi tí wọ́n ti ń lọ ata.
Ó tú ìdí ẹ̀rọ, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbá fáànù rẹ̀:
eruku pupa ọ̀nà wa, ìyẹ́ adìẹ kan.
(N kò ní adìẹ.)
Ó dè é padà, ó kì í bọ iná.
Ìgbín.
Dáìsí dákẹ́.
Ó gbé ṣájà sún mọ́ ojú
bí ìyá àgbà tó ń ka lẹ́tà ọmọ.
“Ta ló fún ọ lèyí?”

Méjàbí, àbúrò mi, ló mú tèmi lọ sí Lọ́kọ́ja,
ó fi tirẹ̀ sílẹ̀, ó ní ẹnu wọn bára mu.

“Ẹnu bára mu, agbára ò dọ́gba.
Wáàtì márùndínláàádọ́rin ni ẹ̀rọ yìí ń jẹ,
márùndínláàádọ́ta lèyí ń bù fún un.
Kò dá ọwọ́ tó ń bọ́ ọ mọ̀,
ìyẹn ló ṣe ń ṣún un jẹ.
Tó bá wà lórí bátìrì,
ó kúkú mọ iye tó wà lápò ara rẹ̀.”

Mo rántí ọdún tí mo gbé lọ́dọ̀ ẹnìkan ní Mọ̀pà.
Ó ń bọ́ mi, ó sì ń fojú ka òkèlè.
Ìṣirò tí mo ń ṣe geere nílé ìwé,
tó bá bi mí níwájú abọ́, ahọ́n mi á wọ́.
Wọ́n ní mo gọ̀.

Mo pe Méjàbí.
“Okun o, ẹ̀gbọ́n!”
Okùn mi dà?
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tòun ń sáré bí ehoro láti ìjọ́ yẹn,
òun rò pé àdúrà ni.
Ó ní dírẹ́bà kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹtì!
Mo yọ okùn lálẹ́ yẹn, mo gbé fìtílà súnmọ́ ìwé.
Ogójì ìṣẹ́jú.
Mo dé orí ọmọ kọkàndínlọ́gbọ̀n.